Ẹ má fi 10,000 ìṣísẹ̀ dẹ́rù bà wá mọ́, ẹ̀yin olóòtú

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà ìwé títẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe dókítà, ìwé tí mo kà ò kọjá módà, dẹ́rẹ́bà ni mí. Ọdún 29 ni mo fi wa mólúè, lẹ́yìn náà dánfó, nílùú Èkó, Agége sí Òṣòdì, Òṣòdì sí Ọbáléńdé, kó tó di pé ẹ̀yìn ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní tipátipá. Mo ti pé 66 báyìí. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ojú ewé ìlera yín ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tẹ́ẹ ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tí ò bá rin 10,000 ìṣísẹ̀ lójúmọ́, ọkàn ẹ̀ ti ń gbọ̀nà ibòmíì lọ nìyẹn, ẹ tún wá gbé fọ́tò ọkùnrin kan tó forí dúró, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà lókè, sábẹ́ ẹ̀, ẹ ní yógà nìyẹn, ìdárayá nínà ara tó wá láti Íńdíà, ó ń wo ṣúgà, ó ń wo BP, ó ń wo ẹ̀yìn. Ìyàwó mi kà á tán, ó wo ikùn mi, ó ká ìwé ìròyìn yẹn, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹ ò mọ bí ìwò yẹn ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ kọ́ńdọ́ mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Múrí là ń pè é, ọdún 11 la jọ fi ṣiṣẹ́. Èmi, ìdí stẹ́ẹ̀rìn ni mo máa ń wà láti aago márùn-ún ìdájí títí di mẹ́sàn-án alẹ́, ooru ẹ́ńjìnnì ń jó mi lẹ́sẹ̀, ohun tí mò ń ṣe ò ju kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí n já jíà lọ, ebi bá sì pa mí nínú gósíló, àwọn ọmọ tó ń tajà á na gálà àti mínírà sí mi lójú fèrèsé. Múrí ní tiẹ̀ kì í jókòó. Á bọ́ sílẹ̀, á pèrò, á jẹ́ kí n ti ṣíra kó tó sáré tẹ̀ lé mọ́tò kó fò mọ́ ẹnu ọ̀nà, á tún rọ́ àárín èrò kọjá lọ gba owó àwọn ará ẹ̀yìn, á padà wá so rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń bú u nígbà yẹn pé ara ẹ̀ ò balẹ̀. Lọ́dún tó kọjá a pàdé níbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wa kan, àjà kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣe é, lífìtì ò sí. Múrí tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ gun àtẹ̀gùn yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi tí mo ti dúró lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọdébìnrin kan ti bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n bá yín gbé àga wá?"

Mo ròyìn ẹ̀ fún ọmọ mi, Ràmọ́tù, tó ń ṣe iṣẹ́ físíò (àwọn tó máa ń fi nínà ara àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun) ní Manchester, ló bá bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní Bàbá mi, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Bọ̀ọ̀dá Múrí sínú ìwé láti 1953. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Dókítà kan wà ní London nígbà náà, Jerry Morris, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú yẹn. Dẹ́rẹ́bà jókòó, kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn inú bọ́ọ̀sì lókè sódò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ torí kó lè já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Mọ́tò kan náà, ọ̀nà kan náà, ọ̀gá kan náà. Wọ́n wá rí i pé àrùn ọkàn ń kọlu dẹ́rẹ́bà ju kọ́ńdọ́ lọ gan-an, kódà tó bá mú kọ́ńdọ́ pàápàá, kì í tètè pa á bíi ti dẹ́rẹ́bà. Wọ́n yẹ àwọn tó ń pín lẹ́tà náà wò, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri sàn ju akọ̀wé tó jókòó ti tábìlì lọ. Lancet, ìwé àwọn dókítà tí gbogbo ayé ń kà, ló gbé e jáde.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nìyí. Àwọn kan ní bóyá ẹni tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló máa ń lọ gba iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà, pé ìjókòó kọ́ ló ṣe é. Morris ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó lọ gba ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n yúnífọ́ọ̀mù sí, ó ń wo ìbàdí ṣòkòtò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì rí i lóòótọ́ pé ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà fẹ̀ nídìí ju ti kọ́ńdọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ní 1956 ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ síta. Ẹ rò ó wò, èèyàn rí nǹkan tó lè já ọ̀rọ̀ ẹ̀ nírọ́, kò tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ ẹní. (Oṣù díẹ̀ ló kù kí bàbá yẹn pé 100 ọdún kó tó kú ní 2009, òun náà ò sì fi eré ìdárayá ṣeré.) Látìgbà tí Ràmọ́tù ti sọ èyí fún mi ni mo ti kọ́ láti máa bi ara mi nígbàkígbà tí wọ́n bá ní ẹni tó ń ṣe báyìí ń pẹ́ láyé: ṣé nǹkan yẹn ló mú ara ẹ̀ le ni, àbí torí ara ẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ ló ṣe lè ṣe é?

Ó wá ku 10,000 yín yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ́? Ilẹ̀ Japan ló ti wá o. Ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe Òlíḿpíìkì ní Tokyo, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìgbànú tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní manpo-kei, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀rọ 10,000 ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni, bí èèyàn ṣe ń sọ ọṣẹ lórúkọ kó lè tà. Ìgbà tó yá pátápátá ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Ní 2019, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Harvard, I-Min Lee, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyá àgbà ni, ọjọ́ orí wọn tó 72. Àwọn tó ń rin bíi 4,400 lójúmọ́, ikú tó pa nínú wọn fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń rin 2,700. Tó bá ti dé bíi 7,500, ó dúró síbẹ̀, kéèyàn tún rìn ju ìyẹn lọ ò fi nǹkan kan kún un mọ́. Lọ́dún 2025 wọ́n tún kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ, 7,000 ni wọ́n rí, ikú ibẹ̀ fi bíi ìdá 47 dín sí ti ẹni tó ń rin 2,000. Mo bi Ràmọ́tù ní ìbéèrè ṣòkòtò, ó ní òótọ́ ni Bàbá mi, ẹni tí àìsàn ti wà lára ẹ̀ kì í lè rìn púpọ̀, wọ́n máa ń gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò àmọ́ kò lè tán pátá.

Ṣé ẹ wá rí i pé ẹni tí ẹ bá sọ 10,000 fún tí fóònù ẹ̀ ń sọ fún un pé 1,900 ló rìn, ńṣe ló máa padà lọ jókòó. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn fún odindi ọdún kan. Ìgbà tí mo gbọ́ pé 4,000 náà kì í ṣe nǹkan kékeré ni mo dìde. Láti ilé mi sí mọ́ṣáláṣí, lílọ àti bíbọ̀, 640 ìṣísẹ̀ ni, mo kà á, ilé ni mo sì máa ń kírun tẹ́lẹ̀ àfi ti Jímọ̀. Ìrun márùn-ún, 3,200 ti wọlé nìyẹn láìtíì lọ ra búrẹ́dì. Lẹ́mọ́mù wa rò pé mo ti ronú pìwà dà ni, mi ò já a nírọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé WHO fúnra wọn ò ka ìṣísẹ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, láti 2020 ni wọ́n ti ní kí àgbàlagbà máa ṣe 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, irú ìrìn tó jẹ́ pé o lè sọ̀rọ̀ àmọ́ o ò lè kọrin, kó o sì fi nǹkan tó ń fún iṣan lágbára kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti tó 65, wọ́n ní kó máa ṣe èyí tí ò ní jẹ́ kó máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Apá tó kẹ́yìn yìí, ẹ ò dárúkọ ẹ̀ rárá nínú ìwé ìròyìn yín, bẹ́ẹ̀ ìṣubú ló ń sọ àwọn ẹgbẹ́ mi di ẹni orí ibùsùn.

Yógà wá ńkọ́? Ọjọ́ tí Ràmọ́tù kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀, Asitagafurulai ni mo fi dá a lóhùn, mo ní ṣé kí n máa bọ òrìṣà Íńdíà lọ́jọ́ ogbó mi ni. Mo mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ìgbìmọ̀ fátúwà ní Malaysia sọ ní 2008 pé èyí tí wọ́n bá ń pe ọ̀rọ̀ ìjọsìn Híńdù sí, èèwọ̀ ni fún mùsùlùmí, ilẹ̀ Sáúdì sì gbà á ní 2017 gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá lásán. Àfáà mi náà ní tó bá jẹ́ nínà ara ni, kí n na ara mi, àmọ́ kí n má pe ohun tí mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ìyẹn ti tó mi. Íńdíà ló ti wá lóòótọ́, ìjọba ibẹ̀ sì ń polówó ẹ̀ gan-an, àwọn ló gbé e dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2014 tí wọ́n fi ya ọjọ́ 21 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún un, torí náà kí ẹ̀yin oníwèé ìròyìn máa fi ojú ọlọ́jà wo díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn dídùn, ẹ̀rí wà. Ní Boston, wọ́n kó èèyàn 320 jọ tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lówó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ èèyàn dúdú, wọ́n fi apá kan sí yógà fún ọ̀sẹ̀ 12, apá kan sọ́dọ̀ físíò, wọ́n fún àwọn tó kù ní ìwé kí wọ́n lọ máa kà. Ní 2017 ni wọ́n gbé e jáde: yógà ò kéré sí físíò, àwọn apá méjèèjì yìí sì dín oògùn ìrora tí wọ́n ń lò kù ju àwọn oníwèé lọ. Inú mi dùn, mo ní yógà yìí mà dáa o. Ràmọ́tù ní ẹ fara balẹ̀. Ìwádìí kan wà ṣáájú ìyẹn, ní 2011, ní apá Seattle, èèyàn 228, tí wọ́n fi yógà wé nínà ara lásán, irú èyí tí kò lórúkọ tí kò sì ní ìtàn, bákan náà ni wọ́n já sí.

Èmi lo dánfó fi túmọ̀ ẹ̀ fún ara mi. Bó o wọ dánfó, bó o wọ BRT, bó o bọ́ sí Ọbáléńdé, o ti dé Ọbáléńdé. Ohun tí ò ní gbé ẹ débẹ̀ ni kó o jókòó sí bọ́sítọ́ọ̀pù máa yẹ ọ̀dà ara mọ́tò wò. Ẹni tó bá fẹ́ràn yógà kó ṣe é, ẹni tó bá fẹ́ràn ìrìn kó rìn. Àmọ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń wo ṣúgà. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òótọ́ nìyẹn, ó sì ń ran oògùn lọ́wọ́, kò wá sọ pé kéèyàn ju oògùn nù. Mo mọ ẹnì kan ládùúgbò wa tó jù ú nù.

Ohun kan tún wà tí mi ò retí. Lẹ́yìn tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, bíi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń jí laago mẹ́rin àárọ̀, tí mo máa wọ ṣòkòtò, tí mo máa wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì torí kò síbi tí mò ń lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkùnrin ni wá. Ní 2024 wọ́n kó ìwádìí 218 pọ̀, èèyàn tó lé ní 14,000 ló wà ńbẹ̀, lórí àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń yọ lẹ́nu, ìrìn àti sáré díẹ̀díẹ̀, yógà, àti gbígbé nǹkan tó wúwo ló wà lára èyí tó ṣe wọ́n láǹfààní jù. Àwọn tó kọ ọ́ ní púpọ̀ nínú ẹ̀rí ibẹ̀ ò tíì lágbára tó. Ó dáa. Èmi mọ̀ pé ìrìn mọ́ṣáláṣí ìdájí yẹn ló kọ́kọ́ fún mi níbi tí mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi fọ́tò ọkùnrin tó forí dúró, torí inú rẹ̀ ló bí mi jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ojú ẹ̀ kan ti kú, glaucoma ló pa á, kò dùn ún, kò yún un, ó kàn ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti lé ní 40 ọdún, bíi márùn-ún ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dá lórí ìfúnpá inú ẹyinjú, tó bá ti ń lọ sókè ó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ní New York, wọ́n wọn ìfúnpá yìí nínú ojú àwọn tó ń ṣe yógà tí orí wọn wà nísàlẹ̀, ní 2015 ni wọ́n sọ èsì ẹ̀, kódà èyí tí wọ́n kàn fọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tí ìdí wà lókè bíi ti ajá tó ń na ara, kíákíá ni ìfúnpá yẹn gòkè, nínú ojú ẹni tó ní glaucoma àti ẹni tí kò ní. Tó bá dìde, ó ń wálẹ̀ padà, àmọ́ kí ni ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń kú lọ ń wá lọ síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi rí fọ́tò yín yẹn o, ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, pé wọ́n ní ó dáa fún BP. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà nílé.

Tó bá jẹ́ BP ni, èyí tí wọ́n rí i pé ó lágbára jù ò náni ní kọ́bọ̀, kò sì sí orí nísàlẹ̀ ńbẹ̀. Ní 2023 wọ́n kó ìwádìí 270 jọ, wọ́n fi oríṣiríṣi eré ìdárayá wéra, èyí tó gba iwájú ni èyí tí o máa fi iṣan dúró sójú kan láìmira, àgàgà kó o fẹ̀yìn ti ògiri, kó o máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí itan ẹ á fi tẹ́ bíi ti ẹni tó jókòó sórí àga, àmọ́ àga ò sí ńbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì, kó o sinmi, lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó o sì máa mí, má ṣe sé èémí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é ní kíṣìnnì, 18 ìṣẹ́jú àáyá ni mo lò, itan mi ń gbọ̀n bíi mólúè tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fẹ́ kú, mo yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ lórí àpò ìrẹsì, ìyàwó mi wá bá mi ńlẹ̀ níbẹ̀, ó bi mí ta ló tì mí. Ní báyìí mo ń ṣe ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. BP mi tó jẹ́ 158 lórí 96 ti wà ní 138 lórí 84, mi ò sì fi oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò lè búra pé ògiri ló ṣe é o, torí mo dín iyọ̀ kù nínú oṣù kan náà, ẹ sì rántí ṣòkòtò Morris.

Fífi ẹsẹ̀ kan dúró náà wà ńbẹ̀. Àwọn dókítà kan ní Rio de Janeiro ní Brazil ní kí àwọn èèyàn 1,702 tí wọ́n wà láàárín 51 sí 75 ọdún fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, bíi ẹnì kan nínú márùn-ún ni ò lè ṣe é, àwọn yẹn sì kú ju àwọn tó kù lọ ní ọdún mélòó kan tó tẹ̀ lé e. Ara wọn ò le tó ti àwọn tó kù látìbẹ̀rẹ̀ o. Èmi, mo kọ́kọ́ di fìríìsà mú. Ní báyìí mò ń fi ẹsẹ̀ kan dúró tí mo bá ń fọ eyín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ jáde lọ sí garéèjì. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń dúró de tọ́ọ̀nù máa ń jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí kan, wákàtí méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á tún lọ jókòó wa mọ́tò. Wọ́n ní kí wọ́n lọ rìn, níbo? Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ọ̀kadà àti alátẹ ló wà ńbẹ̀, gọ́tà sì la ẹnu sílẹ̀. Àmọ́ ògiri wà ní gbogbo garéèjì. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, lórí àwọn tó lé ní 25,000 tí kì í ṣe eré ìdárayá rárá, rí i pé ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tí èèyàn fi sáré ṣe nǹkan tó mú un mí hẹlẹ, bíi lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, bíi gígun àtẹ̀gùn tàbí sísáré bá bọ́ọ̀sì, ikú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fi bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kì í ṣe é. Sísáré bá bọ́ọ̀sì! Múrí.

Mo mú un lọ sí garéèjì àtijọ́ wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, a to dẹ́rẹ́bà mẹ́fà mọ́ ògiri, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò tíì ju 40 ọdún lọ, a ní kí wọ́n jókòó sórí àga tí kò sí. Agbèrò ń pariwo pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n fẹ́ yin wọ́n níbọn ni. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan nínú wọn ń bú mi. A máa tún lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ẹ rán oníkámẹ́rà yín wá ya ìyẹn dípò ọkùnrin tó forí dúró, àmọ́ kó tètè dé o, torí Múrí ti ń sọ fún wọn pé òun máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ràmọ́tù, dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì,
Agége, Èkó.